Obìnrin Inú Fóònù Tó Ń Bá Wa Bẹ Precious

Olúwatóyìn ọmọ mi,

Òkè Ìkẹ́rẹ́ kí ọ, ará ulé kí ọ, èmi ìyá rẹ náà kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Kóòsì tí ọ́fíìsì ní kí o lọ ṣe yẹn, Olúwa kò ní jẹ́ kó le ju orí rẹ lọ, àmín. Ara bàbá rẹ le, uṣu tuntun ti wọ ulé, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ké tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n igbe wọn kò tó ti ọmọ rẹ.

Tóyìn, Precious ń sunkún o! Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ tí o máa ń ti ibi uṣẹ́ dé, á bojú wo ẹnu ọ̀nà, kò ní rí ọ, ló bá bú sẹ́kún. Mo pọ̀n ọ́n, mo jó, mo kì í ní Àníkẹ́ ọmọ olókè, kò gbọ́. Bàbá rẹ ké bí àkùkọ, ìyẹn tún dá kún un. Ọmú rọ́bà tí o ní kí a máa sè kó tó mu ún, mo sè é láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò rọ̀, ọmọ náà sì tu ú dànù.

Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Comfort tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn, mo ní kó pè ọ́ kí ọmọ lè gbóhùn ìyá rẹ̀. Obìnrin kan ló dáhùn. Tóyìn, ta ni obìnrin yẹn? Òyìnbó ló ń sọ, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Plíìsì nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ó gbọ́ ẹkún ọmọ, ó ń bẹ̀ ẹ́! Precious sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ là ń lọ. Bí a bá ti pè ọ́, òun náà ni. Kì í bínú, kì í ní ọwọ́ òun dí, ọ̀rọ̀ àná náà ló máa ń sọ, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní àdúrà Olúwa. Comfort kì í gba kọ́bọ̀, ó ní òun ò lè gbowó irú èyí, á wá dikùn mú, á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó lójú àánú ni.

Bàbá rẹ nìkan ló ń bínú. Ó dé fìlà, ó gba fóònù, ó kí i pé ẹ kú uṣẹ́ o, a dúpẹ́ ìtọ́jú ọmọ. Obìnrin náà ń sọ òyìnbó rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Bàbá rẹ ní irú ọmọ wo nìyí tí kì í kúnlẹ̀ kí àgbà. Mo ní bóyá ó kúnlẹ̀, a ò kàn rí i ni.

Àfi lánàá. Obìnrin náà kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Precious nawọ́ sí fóònù, tó ní Màmá. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn o! Comfort pàtẹ́wọ́, bàbá rẹ jó, èmi náà jó, ṣùgbọ́n bí mo ti ń jó ni inú mi ń sọ pé, ta ló rọbí, ta ni wọ́n ń pè ní ìyá?

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ agboòrùn la ó wà. Sọ fún obìnrin yẹn kó sinmi lọ́jọ́ náà, kí o fi ẹnu ara rẹ pe ọmọ rẹ ní Àníkẹ́. Fi owó mílíìkì ránṣẹ́, kí o fi ti ẹran díẹ̀ kún un fún bàbá rẹ. Bí àyè àtifi ránṣẹ́ kò bá sí, kó owó náà fún obìnrin yẹn, òun la máa ń bá nílé. Uṣu tí mo fi rán awakọ̀ sí ọ, yọ ọ̀kan fún un níbẹ̀. Má fún un ní èyí tó tóbi jù.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Níbi tí ọmọ rẹ bá ti ń pe ìyá, kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ dáhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
ní Ìkẹ́rẹ́.