Iyẹ̀pẹ̀ Inú Àgò Agẹmọ

Ṣakí,
14-9-1983.

Bọ̀dá Ràsáàkì,

Ṣé àlàáfíà ni Kánò? Ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá ń kí yín, ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́. Iṣu ta dáadáa. Oyún mi ti pé oṣù méje.

Bọ̀dá, agẹmọ tí ẹ fi síkàáwọ́ mi ti kú. Kì í ṣe ebi ló pa á. Ojoojúmọ́ ni mò ń mú tata fún un, tí mo sì ń pààrọ̀ ẹ̀ka igi tó ń gùn. Ẹ ní kí n má fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ inú àgò rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbá a dànù, mo ní ìdọ̀tí ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ha pákó ìsàlẹ̀ àgò. Mo rò pé ó fẹ́ sá lọ ni. Ìgbà tí mo fẹ́ sin ín ni mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ẹyin ló kún ibẹ̀. Kò rí iyẹ̀pẹ̀ tó máa yé e sí.

Ẹ forí jì mí. Ẹ bá mi ṣàdúà kí n sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ojú ń tì mí láti tọrọ rẹ̀ fúnra mi.

Àbúrò yín,
Àwáwù.