Àga Alápá Tí Mo Wá fún Múfútáù

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Àbíjáǹ níbí. Mo kí Ìyá mi, mo kí Sìdíkátù àbúrò mi àti gbogbo agbo ilé wa ní Ìgbòho. Ràfátù ìyàwó wa, o kú ìrọ́jú. Ẹ kú ọ̀fọ̀ Múfútáù àbúrò mi, tí ẹ ti ṣe tán kí n tó gbọ́. Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ ká tún fi irú rẹ̀ kí ara wa mọ́.

Mo mọ̀ pé àyà yín á já bí ẹni tó ń kàwé fún yín bá kan ibi tí mo ti dárúkọ ọ̀fọ̀, nítorí ẹ ti kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé tó ń bọ̀ níbí pé wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí mi. Mo ti gbọ́, Bàbá mi. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn Yorùbá, kí gbogbo ilé lè gbọ́ ọ pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ká a mọ́ abẹ́ ẹní. Àwọn mìíràn náà lọ́mọ lẹ́yìn odi. Bóyá á wúlò fún wọn.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ọgbà ńlá kan ni, ó lọ títí dé etí ọ̀sà, olówó kan ló ni ín, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ibẹ̀. Èmi ni mò ń gé koríko rẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé e dà bíi katakata tí ìjọba máa ń gbé wá sóko lẹ́bàá Ṣakí, àmọ́ ó kéré, kò ga ju ìbàdí èèyàn lọ. Òjò ibí kò jọ tiwa. Tiwa á rọ̀, á dá, ilẹ̀ á gbẹ, ọyẹ́ á dé. Níbí, ooru a máa lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tútù, koríko kì í sì í sinmi. Bí mo bá gé e dé ìpẹ̀kun, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ á ti tún ga. Láàárín ọ̀sẹ̀ mi ò rí ẹni bá sọ Yorùbá, àfi bó bá di Jímọ̀ tí mo lọ sí mọ́ṣáláṣí àwọn ará wa. Múfútáù ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ yẹn, bí ẹni pé ó ń rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí ọkọ̀ tó gbé òun àti iṣu wa lọ sí Ṣakí dojú dé, tí ẹsẹ̀ Múfútáù méjèèjì sì kú, lẹ́tà tó ní kí wọ́n kọ sí mi kò sọ púpọ̀ nípa ìrora. Ohun tó sọ ni pé òun máa ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ sóko láàárọ̀, tí òun wà lórí ẹní. Ó ní ká ní òun lè dé ìdí ebè lásán, kí òun máa wo iṣu. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí ọ̀gá mi wá ra ẹ̀rọ tuntun, tó ní òun fẹ́ ta ti àtijọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó tà á fún mi, kó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ mi. Ó gbà.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin kan, ọmọ ẹ̀yà Mọ́sí. Ó jó irin gígùn mọ́ ìjánu rẹ̀ àti àwọn ibi tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ nìkan lèèyàn á máa fi darí rẹ̀. A so ọmọlanke kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, èyí tó lè kó iṣu. Ó wá ku àga.

Bàbá mi, àga yẹn ló gba gbogbo ọkàn mi. Èyí tó wà lórí ẹ̀rọ náà jẹ́ irin pẹlẹbẹ, kò lẹ́yìn, kò lápá. Èmi tí mo lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń di ara mi mú bó bá ń gun gegele. Kí ni Múfútáù fẹ́ fi di ara rẹ̀ mú? Ẹ mọ bí ọ̀nà oko wa lẹ́yìn àpáta ṣe rí gbágungbàgun. Bó bá yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilẹ̀ ló ń lọ, kò sì ní lè wọ́ ara rẹ̀ kúrò lẹ́bàá táyà. Ni mo bá kọ̀wé sí yín pé kí ẹ bá mi wọn ìbú ìdí rẹ̀, kí ẹ wọn ibi tó fi jókòó dé ìgúnpá rẹ̀. Ẹ fi okùn ránṣẹ́, ẹ ta á ní kókó síbi tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan dé. Inú lẹ́tà yẹn náà lẹ ti ní Múfútáù kí mi.

Ní gbogbo Sátidé mo ń lọ síbi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò àlòkù. Mo rí àga kan tí wọ́n fi awọ pupa bò, ó rọ̀ bí òwú, àmọ́ apá rẹ̀ kúrú, kò gba ìgúnpá dúró. Mo rí òmíràn, ti dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì, apá rẹ̀ le dáadáa, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣí. Mo ro bí Ràfátù ṣe máa gbé ọkọ rẹ̀ gùn ún. Ó ní láti gbé e ga kọjá apá àga yẹn kó tó lè fìdí rẹ̀ kalẹ̀, obìnrin kan kò sì lè dá a ṣe. Mo ń jókòó lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, màá jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi rọ dẹ̀rọ̀ bí ẹsẹ̀ tí kò ní agbára, màá ní kí ẹni tó ń tà á tì mí, kí n mọ̀ bóyá màá ṣubú. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oyè wo ni mo fẹ́ jẹ. Mo tún bọ́ sórí òmíràn.

Èyí tí mo wá rí gbẹ̀yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, fóòmù wà lórí apá rẹ̀ méjèèjì, apá ọ̀tún sì ṣeé ṣí sókè bí ìdérí àpótí. Èèyàn lè fa Múfútáù wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kó tún wá dá apá náà padà. Mo fi okùn yín wọ̀n ọ́n, ó ṣe wẹ́kú. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹran lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo sè é, mo nìkan jẹ ẹ́.

Ìsíákà dẹ́rẹ́bà, ọmọ Ògbóòrò, tó máa ń wa ọkọ̀ ẹrù láti ibí gba Kùtọnu lọ sí Ṣakí, òun ni mo fẹ́ kó bá mi gbé ẹ̀rọ náà délé. Òun náà ló gbé okùn yín wá. Nígbàkígbà tí mo bá dá ọ̀rọ̀ ẹrù náà sílẹ̀, ó máa ń ní ọkọ̀ òun ti kún, tàbí pé àwọn aṣọ́bodè ń yọ àwọn lẹ́nu. Nígbà tó pẹ́, mo mú un lọ sọ́dọ̀ jórinjórin láti wá fojú ara rẹ̀ rí i pé kò tóbi. Mo ní kó gorí àga náà kó jókòó, kó bá mi wò ó bóyá ó dẹrùn. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gùn ún, mo dá apá àga padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé ìgúnpá lé e. Ìgbà tí mo máa wojú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí fóòmù.

Mo bi í pé ṣé kò dẹrùn ni.

Ó ní, “Ó dẹrùn, Ràímì. Kò sí ẹni tó máa jókòó sí i ni. Múfútáù ti kú. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ la ti sin ín.”

Ó wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní egbò tó dá sí i lẹ́yìn nítorí ìdùbúlẹ̀ ló di ibà, ibà náà kò sì lọ. Ó ní ẹ̀yin lẹ pe gbogbo ilé jọ, ẹ ní Ràímì nìkan ló wà níbẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tó máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo bi í léèrè okùn. Ó ní lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ ni lẹ́tà mi tẹ̀ yín lọ́wọ́, pé nígbà tí ẹ kírun alásárì tán, ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ ní kí òun wọn ẹ̀yin fúnra yín, torí ìdúró kan náà ni ẹ̀yin àti ọmọ náà ní. Ó ní òun náà ló ta kókó rẹ̀.

Bàbá mi, mi ò bá yín jà. Mo mọ̀ pé wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ohun tó ń pa mí lọ́kàn ni pé nígbà tí gbogbo ayé ń bá yín ṣọ̀fọ̀ Múfútáù, èmi ń wá tìmùtìmù fún un. Àwọn ará wa ní mọ́ṣáláṣí ti mọ̀ tipẹ́ pé ó ti kú. Mò ń ròyìn àga fún wọn, wọ́n ń ní kí Ọlọ́run gbà á.

Mo ta ẹ̀rọ náà fún ọkùnrin kan tó ń gbin ọ̀pẹ̀yìnbó. Ó ní àga yẹn gba àyè jù fún òun, ó tú u, ó gbé e fún mi. Ó wà nínú yàrá mi. Ó gba ìdajì yàrá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo tẹ́ ẹní sí. Mi ò lè tà á, mi ò lè jókòó lé e. Lẹ́mọ́mù bá mi kírun sí àbúrò mi lára, àwa méjèèjì péré, láìsí òkú níwájú wa. Mo ṣì ń gé koríko. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ lórí ẹ̀rọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá fẹ́ bẹ̀. Nínú gbogbo lẹ́tà yín, ẹ máa ń sọ pé Ìyá mi ní kí ẹ kí mi, pé ara wọn le. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe ń bá Múfútáù kí mi nígbà tó ti wà nínú ilẹ̀. Nítorí Ọlọ́run, ẹ wá ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì, kí Ìyá mi fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ sí i. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí Sìdíkátù sọ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà, Bàbá mi, ẹ sọ tiyín, kó má jẹ́ pé akọ̀wé ló ń bá yín sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ohùn kan wà tí kò lè sí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi.

Kí Ọlọ́run dárí ji Múfútáù, kó fi alùjánnà ṣe ilé rẹ̀. Kó fi yín sílẹ̀ fún wa pẹ́, kó jẹ́ kí iṣu ọdún yìí ta. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá ṣẹ́kù nílé.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràímì.