Páànù Ọ́ìlì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìsìkàn

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìtọ́jú ara, ẹ kú ìdúró de ìpè mi ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Lọ́tẹ̀ yìí orúnkún mi wà nílẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe bí mo ti máa ń fi ẹnu lásán kúnlẹ̀ lórí fóònù kí n sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá mi, ẹ kú iṣẹ́ oko Ìjù, ẹ kú ìrọ́jú Bàbá. Gbogbo ulé pátá, mo kí yín, tọmọdé tàgbà.

Ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn, nígbà tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bàbá, ọ̀rọ̀ páànù ọ́ìlì ni. Ọ̀rọ̀ Bàbá Dúpẹ́ sì ni, tí ẹ lé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lórí ohun tí wọn kò ṣe. Ojú gbogbo mẹkáníìkì tó wà ní àgbàlá wa lẹ ti sọ tiyín lọ́jọ́ yẹn, nítorí náà gbangba ló yẹ kí èmi náà ti sọ tèmi. Bí ojú bá ń dùn yín, kí Màmá bá yín kà á, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má fo ibì kankan.

Ara mi le. Iṣẹ́ ń lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí mo wà, mọ́tò àtijọ́ nìkan la ń tún ṣe níbẹ̀. Ọ̀gá mi, òyìnbó àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í yé sọ fún mi pé kí n máa wọ ìbọ̀wọ́. Tó bá ti kọjá báyìí, mo ti bọ́ ọ. Ta ló ń fi ìbọ̀wọ́ wá nọ́ọ̀tì nínú kọ̀rọ̀? Òtútù ibí ò ṣeé fẹnu sọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú kanlẹ̀, súpánà á sì tutù débi pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ ò pọ̀, mo mọ̀, ẹ máa fojú àánú wò ó. Ohun tó ń dá mi lágara jù ni pé kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Mosún Mẹkáníìkì níbí. Mo lè lo ọjọ́ méjì láìfi Yorùbá bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi kí n máa bú bóòtù tó ti dípẹtà.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ pè mí lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, tí ẹ ní ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ sì ti ní kí wọ́n wọ́ mọ́tò eré onísíìtì méjì yẹn wá sílé láti ṣọ́ọ̀bù. Inú yín dùn bí ọmọ tó gba bàtà ọdún. Ẹ ní ẹ ti tún inú ẹ́ńjìnnì ṣe tán, ó ku páànù ọ́ìlì, abọ́ irin tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń gbé inú rẹ̀. Wẹ́dà mẹ́ta ti jó o, ó ṣì ń jò. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ yín, wọ́n ní kí n tètè wá nǹkan ṣe, pé orogún àwọn ti ń tọ̀ sí fàránda. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn náà ni ẹ fi fọ́tò páànù ọ̀hún ránṣẹ́ lórí wọ́sáàpù. Mo rí ibi tó ti wọnú, roboto, bí orí jáàkì ṣe rí gẹ́lẹ́. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Dúpẹ́ nìyẹn. Ọdún méjìdínlógún rèé, Bàbá! Mo dojú fóònù délẹ̀, n kò sì gbé e mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ wá. Bàbá mi, ọmọ Àkúrẹ́ ni, àdúgbò Ìsìkàn níbẹ̀ ni ilé wa wà. Bàbá Dúpẹ́, ọmọ Oǹdó. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń lò, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì pawọ́ pọ̀ ra mọ́tò yẹn lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé wọ́n á nu ún, wọ́n á ṣí òrùlé rẹ̀, wọ́n á sì gbé e jáde. Bàbá mi ló máa ń wà á. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì kì í ṣeé ṣí látinú, nítorí náà bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, Bàbá Dúpẹ́ á jókòó gẹlẹtẹ bí ọba títí Bàbá mi á fi yí wá ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ máa ń bú wọn, Bàbá, ẹ sì máa ń ṣí i.

Sátidé kan, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì lọ́nà Ìjàrè. Wọ́n wọ́ mọ́tò dé, ẹ tú páànù, ẹ sì rí i pé ẹnì kan ti ki jáàkì sábẹ́ páànù dípò kó kì í sábẹ́ ṣáásì, egungun irin tó gbé mọ́tò dúró. Páànù ti wọnú, ó ti dí ẹnu páìpù tó ń fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì sì ṣiṣẹ́ láìrí ọ́ìlì títí ó fi bàjẹ́. Bàbá Dúpẹ́ ló wà pẹ̀lú mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ pariwo lé wọn lórí. Ẹ pè wọ́n ní ọ̀mùtí, ẹ ní kí wọ́n kó irinṣẹ́ wọn kúrò lójú yín. Wọn kò jiyàn. Wọ́n kó irinṣẹ́, wọ́n gba Oǹdó lọ, ó parí. Nígbà tí a sin ìyá yín, wọ́n wá, wọ́n dúró lẹ́yìn kánọ́pì títí a fi ṣe tán. Ẹ ò wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ká padà sórí páànù. Ẹ mọ̀ pé èyí tí mo kọ́kọ́ rà, alumíníọ̀mù ni, ó ń dán gbinrin, ó jinlẹ̀, ó sì ń gba ọ́ìlì jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé ẹ máa gbóríyìn fún mi ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ bi mí pé báwo ló ti jìn tó. Mo sọ ọ́. Ẹ ní ṣé mo ti gbàgbé bí mọ́tò náà ti sún mọ́lẹ̀ tó ni, ṣé ẹni tó ṣe páànù yẹn ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó rí, pẹ̀lú bọ̀ǹpù àti kòtò rẹ̀. Ẹ ní bí irin bá gbá nǹkan, á wọnú, èèyàn á fi òòlù nà án jáde. Bí alumíníọ̀mù bá gbá nǹkan, á sán, ọ́ìlì á dànù, ẹ máa wá jókòó sínú igbó. Inú bí mi. Mo lọ bi ọ̀gá mi kó lè gbè mí lẹ́yìn. Ó wo páànù, ó wo fọ́tò mọ́tò, ó ní bàbá mi ló tọ̀nà, pé ti àwọn tó ń sáré ìje lórí ọ̀dà dídán ni. Mo dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ bá mi dúpẹ́ pé ó gbà á.

Ti irin wá di wàhálà. Mọ́tò kan náà ni, ṣùgbọ́n ikùn páànù òmíràn wà níwájú, ti òmíràn wà lẹ́yìn. Fọ́tò sì rèé, kì í sọ bí nǹkan ti tóbi tó. Ìgbà yẹn ni ẹ ṣe bí ẹ ti máa ń ṣe láyé ọjọ́un: ẹ ya páálí bisikíìtì, ẹ fi bo ẹnu páànù, ẹ sì ń fi orí òòlù kékeré lù ú yípo títí etí rẹ̀ àti ojú ihò bóòtù fi hàn lára páálí. Ẹ fi rán olùkọ́ kan ní yunifásítì tó ń bọ̀ wá síbí. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀ nínú yàrá mi, ó ń rùn bí ọ́ìlì àti pẹtiróòlù, òórùn aṣọ iṣẹ́ yín. Mo sunkún, Bàbá. N kò ní purọ́.

Mo gbé páálí yẹn lọ bá àwọn tó ń tà á. Ti ẹni àkọ́kọ́, ihò kan yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n lu ú tóbi díẹ̀. Mo ní ó dàbọ̀. Ti ẹnì kejì bọ́ sí i ṣanṣan, ihò kò yẹ̀, ikùn wà níbi tó yẹ kó wà, ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde sì dára. Mo ra gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́ọ̀kì mọ́ ọn, ohun rírọ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò láàárín páànù àti ẹ́ńjìnnì, mo di gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, mo sì dá páálí yín padà sínú rẹ̀. Mo kọ ìwé pélébé kan sínú àpótí náà. Mo tún yọ ọ́. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni mò ń kọ lónìí.

Mo wò yín nígbà tí ẹ ń dè é. Màmá di fóònù mú, òkè àjà ni mo rí fún ìdajì àkókò náà, ṣùgbọ́n mo rí èyí tí mo fẹ́ rí. Ẹ fi abẹ fá ojú ẹ́ńjìnnì títí gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ fi tán lára rẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ páànù. Ẹ fi bóòtù mẹ́rin gbé e kọ́ ní igun, ẹ wá ń fọwọ́ dè é láti àárín bọ̀ sẹ́yìn, apá ọ̀tún díẹ̀, apá òsì díẹ̀. Ẹ ò fi agbára dè é, kí kọ́ọ̀kì má baà fún jáde. Ọwọ́ yín gbọ̀n díẹ̀, ẹ dúró, ẹ mí, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ wà lábẹ́ mọ́tò yẹn pẹ̀lú yín ju bí mo ti fẹ́ oúnjẹ lọ.

Ẹ da ọ́ìlì sí i, ẹ tẹ́ páálí bisikíìtì ọ̀hún sábẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹ̀kán kan tuntun lórí rẹ̀. Màmá ní orogún àwọn ti gbọ́n. Mo wá bi yín pé ibo lẹ máa kọ́kọ́ gbé e lọ, mo ní kí ló dé tí ẹ ò gba Oǹdó lọ. Ẹ ní ta ni ẹ fẹ́ kí níbẹ̀, ẹ sì ní káàdì yín ti fẹ́ tán. Bàbá, èmi ni mo pè yín.

Ó dáa. Èmi ni mo ki jáàkì sábẹ́ páànù.

Bàbá Dúpẹ́ lọ ra púlọ́ọ̀gì láàárọ̀ yẹn. Mo ní kí n tú táyà kí wọ́n tó dé, kí ẹ lè rí i pé mo lè dá a ṣe. Mọ́tò náà sún mọ́lẹ̀, ọwọ́ mi ò tó ṣáásì, mo bá ti jáàkì sí àárín. Mo gbọ́ ìró kékeré kan. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo nu ibẹ̀, mo sì dákẹ́. Nígbà tí ẹ ń pariwo lé wọn lórí, èmi ni mo gbé abọ́ pẹtiróòlù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Gbogbo àgbàlá ló ń sọ nígbà náà pé ọmọbìnrin wo ló ń ṣe mẹkáníìkì, ẹ̀rù sì bà mí pé ẹ máa ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ọmọ ogún ọdún ni mí lọ́jọ́ yẹn, mo ti dàgbà tó láti sọ òótọ́. N kò sọ ọ́. Ẹ dárí jì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gba nọ́ḿbà Bàbá Dúpẹ́ lọ́wọ́ Dúpẹ́ ọmọ wọn, mo pè wọ́n, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ti mọ̀, torí jáàkì tí àwọn gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, abẹ́ mọ́tò ni àwọn ti bá a. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ ọ́, gbogbo àgbàlá ló máa ní àwọn kúkú ti wí, pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tobìnrin, bàbá mi á sì gbọ́ ti àwọn ará àgbàlá. Wọ́n ní àwọn rò pé ẹ máa wá bẹ àwọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ ò wá.

Wọ́n wá bi mí pé ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì ti ṣeé ṣí látinú báyìí. Mo ní kò tíì ṣeé ṣí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò ní wá sí Àkúrẹ́ o, ẹni tó ní kí àwọn máa lọ ni kó wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní géètì ṣọ́ọ̀bù àwọn fẹ̀, mọ́tò kékeré á wọlé.

Bàbá mi, ẹ bínú sí mi. Ẹ bínú sí mi dáadáa, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ má jókòó ti ìbínú náà sí Ìsìkàn.

Ọlọ́run á fún yín ní ìlera, ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n ju báyìí lọ, ẹ ó sì fojú rí mi nílé láyọ̀. Màmá, ẹ ó jèrè oko yín. Ẹ bá mi kí àwọn ará ìjọ, ẹ bá mi kí àwọn ará àgbàlá, ẹ sì sọ fún wọn pé òótọ́ ni wọ́n kà.

Ó ku ohun kan. Ẹ mọ̀ jù mí lọ pé kọ́ọ̀kì tuntun máa ń rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ kó tún bóòtù wọ̀nyẹn dè díẹ̀díẹ̀. Láti Ìsìkàn dé Oǹdó, ó tó ìrìn àkọ́kọ́. Ẹ má mú súpánà dání o. Bàbá Dúpẹ́ ní ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Èmi ni, ọmọ yín tó ki jáàkì,
Mosún Mẹkáníìkì