Màmá Tíṣà àti Ewì Ọmọ Imini: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Rachel Àlàkẹ́ Fẹ́yìsetán (1951–2025)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún ọdún 1951, ní ìlú Fìdítì, ni a bí Màmá wa, Rachel Àlàkẹ́, sínú ìdílé Díákónì Amos Fọláfúnmi. Bàbá wọn ń dá oko ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó. Ìyá wọn, Rúùtù, tí í ṣe ọmọ Ìlọrà, a máa ta èso náà fún àwọn èrò ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Màmá ni àkọ́bí. Àwọn tí wọ́n jọ dàgbà sọ pé láti kékeré ni ohùn wọn ti máa ń dé oko kí ẹsẹ̀ wọn tó débẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Fìdítì ni wọ́n lọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ síwájú títí wọ́n fi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí tíṣà ní 1971. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n padà lọ kọ́ èdè Yorùbá sí i, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí NCE ní 1981.

Ní 1976 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Nehemiah Fẹ́yìsetán, ọmọ Ìlọrà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Onísùúrù ènìyàn ni Bàbá wa. Ó sì di dandan kí wọ́n jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Màmá a máa tún gbólóhùn ṣe fún wọn, títí kan ti àdúrà orí oúnjẹ. Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní 2009.

Ọdún márùndínlógójì ni Màmá fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, ewì kíkọ́ ni ó sì wọ̀ wọ́n lára jù. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lórí pátákó. Wọn a kó àwọn ọmọ jáde sábẹ́ igi, wọn a ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n sì máa ké ewì bí wọ́n ti ń rìn: ibi tí èémí bá ti tán ni ìlà tán. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwítúnwí hàn wọ́n, ọ̀rọ̀ tí a tún sọ kí ó lè wọni lára, àti àfiwé, àti bí akéwì ṣe ń fún òkúta tàbí odò ní ẹnu kí ó lè sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Wọn a ní ẹni tí kò bá fi ojú ara rẹ̀ wo nǹkan, ewì ẹlòmíràn ni ó ń kọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tí Màmá ní a kò gbọdọ̀ yọ kúrò wà. Ayọ̀rìndé, àrẹ̀mọ wọn, kò fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́. Ó ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Fúnlọ́lá àbúrò rẹ̀ dáhùn pé òkú náà ni ó kúkú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí.

Ní 1996, ìdíje ewì kíkọ fẹ́ wáyé ní Jobele, ewì kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì mú wá. Màmá ń kọ́ni ní Imini nígbà náà. Ewì méjì ni ó dára jù nínú kíláàsì wọn. Ọmọ olóyè ìjọ kan ni ó mú ọ̀kan wá, ìyìn ìmọ̀ ni ó dá lé. Miracle, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni ó kọ èkejì. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti ìpínlẹ̀ Benue, wọ́n ń ṣe alágbàṣe lóko àwọn ará Imini. Àgàtú ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n, bí wọ́n ti ń pe gbogbo alágbàṣe tí ó bá ti òkè ọ̀hún wá. Ohun tí Miracle kọ nìyí:

Bàbá mi kọ ebè, ilẹ̀ gbà á.
Ìyá mi kọ ebè, ilẹ̀ gbà á.
Ilẹ̀ kò bi wá léèrè orúkọ.
Ìgbà tí a dé ìlú, ìlú sọ wá lórúkọ tí a kò jẹ́.

Màmá kà á tán, wọ́n pe ọmọ náà síwájú kíláàsì. Wọ́n ní, “Ta ló bá ẹ kọ ọ́?” Ó ní, “Èmi ni mo kọ ọ́, mà.” Màmá ní, “Ọmọ Àgàtú wo ló lè sọ irú Yorùbá yìí?” Miracle fèsì pé, “Àwa kì í ṣe Àgàtú, mà. Ìgedè ni wá.” Àfojúdi ni Màmá ka èyí sí. Wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ títí agogo fi lù, ewì ọmọ olóyè ìjọ ni wọ́n sì gbé lọ sí Jobele.

Ní Jobele, Alhaja Tahirah, tíṣà láti Ìlọrà àti ọ̀rẹ́ Màmá, wà lára àwọn adájọ́. Alhaja gbọ́ ìlà díẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ olóyè ìjọ náà dúró: ewì tí akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn kọ ní èṣí ni ó ń kà. Wọ́n fa Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, “Ìyá Ayọ̀, nígbà tí ọmọ yìí mú tiẹ̀ wá, ṣé ẹ bi í pé ta ló bá a kọ ọ́?” Miracle nìkan ni Màmá bi ní ìbéèrè yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, Màmá dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní àwọn ti ṣe ẹ̀tanú sí Miracle, pé ewì rẹ̀ ni ó yẹ kí ó lọ. Miracle kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ti tán lóko tí wọ́n wà, ìdílé rẹ̀ sì ti kó lọ. Màmá gun ọ̀kadà kiri àwọn oko Imini láti wá wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ orúkọ bàbá ọmọ náà. “Àwọn Àgàtú kan” ni ohun tí wọ́n lè wí, àwọn ará oko sì ń júwe ilé oríṣiríṣi fún wọn. Ojú ti Màmá wa gidigidi. Wọ́n sọ fún wa pé ìrìn yẹn ni ó jẹ́ kí ìlà tí ó kẹ́yìn ewì náà yé àwọn.

Láti ìgbà náà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2006, ewì yìí, tí ó ti wà lórí wọn, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún, wọn a sì dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Wọn a ní kí àwọn ọmọ wá àwítúnwí inú rẹ̀, kí wọ́n sọ bí ilẹ̀ àti ìlú ṣe ń hùwà bí ènìyàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá béèrè pé: kí ló mú tíṣà yín rò pé ọmọ yìí kò lè kọ ọ́? Wọn a ní ẹ̀tanú kì í fi gbogbo ìgbà pariwo. Ìbéèrè tí a bi ẹnì kan, tí a kò bi ẹnì kejì, ẹ̀tanú ni.

Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Màmá láti ilé wá. Akọrin ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kì í pa ìpàdé àdúgbò jẹ. Ní 2015, ewúrẹ́ kan sọnù ní Fìdítì, gbogbo ìpàdé sì ti fẹnu kò pé alágbàṣe kan ni ó jí i. Màmá béèrè bóyá a ti wo ẹ̀yìnkùlé àwọn onílé pẹ̀lú. Inú bí àwọn kan. Ewúrẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé lọ́jọ́ Ẹtì, kò sì sí ẹni tí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ alágbàṣe náà àfi Màmá, tí kò fẹ̀sùn kàn án rárá tẹ́lẹ̀.

Ní 2023, Tùmí, àbíkẹ́yìn wọn, gba ohùn Màmá sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ké ewì náà, ó fi í sórí Fesibúùkù, ó ní a ń wá Miracle, ọmọ Ìgedè. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni Miracle pè láti Makurdi. Ó ti di nọ́ọ̀sì. Màmá bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, “Ẹ ṣeun, mà. Ewì yẹn, mo ti gbàgbé ẹ̀. Èyí tí mi ò gbàgbé ni pé mi ò kọ òmíràn mọ́ láti ọjọ́ náà.” Nígbà tí a fẹ́ tù wọ́n nínú pé ọ̀rọ̀ ti tán, wọ́n ní, “Ẹ má sọ pé ó ti dárí jì mí. Kò sọ bẹ́ẹ̀.” Wọ́n sì sunkún; àwa kò rí ẹkún wọn rí àfi lọ́jọ́ tí Bàbá kú. Láti ìgbà náà àwọn méjèèjì a máa pe ara wọn lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a máa béèrè àlàáfíà ara wọn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ewì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 2025, Màmá wa jẹ́ ìpè Ẹlẹ́dàá nílé wọn ní Fìdítì, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn wọn ni Ayọ̀rìndé, Fúnlọ́lá àti Tùmí. Àwọn aya ọmọ àti àna. Àwọn ọmọ-ọmọ, tí Olúwafúnkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì, jẹ́ àgbà wọn. Àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò lè ka iye wọn.

A bẹ Miracle pé kí ó wá ké ewì rẹ̀ níbi ìsìnkú yìí. Ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n òun kò ní ké ewì kankan. A gbà bẹ́ẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ wà láàárín àwọn ọmọ olóògbé; ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́.

Àlàkẹ́ ọmọ Fọláfúnmi, ìyá wa, tíṣà wa, ẹ sinmi. Èyí tí ẹ rí tún ṣe, a bá yín dúpẹ́. Èyí tí kò ṣeé tún ṣe, a kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ sùn ire o, Màmá.