Àkẹtẹ̀ Tí Bàbá Mi Tú Palẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù Ràímì Aláago,
Ọ̀nà Àpòmù,
Ìkirè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Olúkẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Ìfẹ́olúwapọ̀ ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn báyìí? Ara tèmi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Má bínú pé àkẹtẹ̀ tí o ní kí n ṣe fún ẹgbẹ́ òǹkàwé yín pẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Nígbà tí o fi àwòrán ránṣẹ́ pé sítíìmù-pọ́ńkì ni wọ́n ń pè é, mo rí idẹ, mo rí awọ, mo rí kẹ̀kẹ́ eléyín wẹ́wẹ́, mo ní kí ló le níbẹ̀? O ṣáà mọ̀ pé láti ìgbà tí fóònù ti gba iṣẹ́ aago títúnṣe lọ́wọ́ Bàbá mi, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi kí n máa ránṣọ níbẹ̀. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn fún Bàbá Àbídì, ọ̀rẹ́ wọn ní Àpòmù, wọ́n jókòó sílé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Oúnjẹ pàápàá, à ń bẹ̀ wọ́n ni. Ẹ̀rù ń bà mí, Kẹ́mi. Mo bá yọ́ mú agolo tí òkú aago wọn wà nínú rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ kẹ̀kẹ́ mẹ́rìnlá mọ́ àkẹtẹ̀. Ó ń dán yinrin!

Ní Jímọ̀ tó kọjá, Bàbá ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, wọ́n yà mu omi ní ṣọ́ọ̀bù. Yéè! Ojú wọn bọ́ sórí àkẹtẹ̀. Wọ́n fi ìka ti kẹ̀kẹ́ kan, kò yí. Wọ́n ti òmíràn. Wọ́n ní, "Sàfúrátù, kí ni èyí ń yí?" Mo ní ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ tí kò yí nǹkan kan, irọ́ ló ń pa.

Mo wá ṣàlàyé bí o ṣe ṣàlàyé fún mi: pé inú ìtàn ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ro ayé kan tí kò sí kọ̀ǹpútà, tí ooru omi ṣì ń wa ẹ̀rọ, tí ọkọ̀ sì ń fi í fò lókè, pé àwọn ọlọ́nà mú un jáde nínú ìwé, wọ́n ń fi ṣe aṣọ, fìtílà àti àga, pé ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù ni kí inú ẹ̀rọ hàn síta, kí a má sì ju ohun tó gbó nù. Bàbá ní ṣé àwọn èèyàn tó fẹ́ wo inú aago ṣì wà láyé? N kò lè purọ́ fún ọ, mo sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n lọ gba irinṣẹ́ wọn wá ní Àpòmù. Ó wà ní pípé. Bàbá Àbídì ní àwọn mọ̀ pé ọjọ́ yìí ń bọ̀. Ni Bàbá mi bá tú iṣẹ́ mi palẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù olówó iyebíye tí mo rà! Kẹ̀kẹ́ mẹ́sàn-án péré ló kù, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń yí ara wọn. Lọ́ ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàá gbọ́ bó ṣe ń dún. Má lọ́ ọ jù o, ìkìlọ̀ Bàbá nìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n jẹun tán, wọ́n nawọ́ sí mi pé kí n mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wá. Nígbà tí mo fi débẹ̀, wọ́n ti gbálẹ̀. Mo ti sún ẹ̀rọ ìránṣọ mi sẹ́yìn. Iwájú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, tiwọn ni.

Bá mi kí Màmá. Dòdò tó wà nínú páálí tí mo kó àkẹtẹ̀ sí, tiwọn ni, má fọwọ́ kàn án. Bàbá ń kí ọ gan-an. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ yín tí aago rẹ̀ ti kú.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ẹlòmíràn bí ìwọ,
Sàfúrátù Ràímì.