Garawa Kan Péré

                                        Ilé-Iṣẹ́ Panápaná,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ọjà.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti ń gbọ́ oògùn? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ńkọ́, àwọn tí o ní wọ́n fẹ́ fi ariwo sọ ọ́ di adití? Bí o bá bi mí, màá ní a wà, a dúpẹ́, ilé ò jó. Ilé tiwa ni mo ní kò jó o. Ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ló jó, òun ni kò sì jẹ́ kí n lè jókòó. Mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí títí ó ti sú mi.

O mọ̀ pé ìmúrasílẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tiwa. Inú bàtà la máa ń to ẹsẹ̀ ṣòkòtò sí, kí agogo ìkìlọ̀ iná má bàa dún bá wa lójijì. Èèyàn kàn máa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni, kó fà á sókè, ó di inú ọkọ̀. Orí ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú sí géètì nígbà gbogbo. Òun ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé bí Kristẹni ṣe ń ṣọ́nà nìyẹn, torí a ò mọ wákàtí tí Olúwa máa dé. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi á sì dùn.

Wàyí o, iná kò sọ níbì kankan fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rọ omi àgbàlá wa sì gbẹ. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún wa ló kọ́kọ́ bu garawa kan nínú táǹkì omi ọkọ̀ panápaná wa, ó ní òun fẹ́ fọ ìkòkò. Ta ló máa bá a jà? Awakọ̀ wa tí à ń pè ní Eré-Ò-Tó bu tiẹ̀, ó fi wẹ̀. Bí olúkúlùkù ṣe ń bu kan nìyẹn, tó ń ní òun máa dá a padà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́sàn-án Sátidé, èmi náà bu garawa kan péré, mo fi fọ aṣọ funfun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Orin ni mo ń kọ bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́.

Mi ò tíì sá aṣọ náà tán tí agogo fi dún. Bàtà wà ní sẹpẹ́, orí ọkọ̀ kọjú sí géètì, kíá la débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ni, ìyá tó máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ló ti ń jó, àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ṣì wà níwájú. Mo na rọ́bà omi sí iná, omi tú jáde, iná bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni agbára omi dín kù, ó ń kán tó-tó, ó sì dá. Àwọn aládùúgbò ló wá ń pọn omi kànga wá fún wa. Garawa ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, ọ̀rẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù náà jó kanlẹ̀, tòun ti ẹ̀rọ àti aṣọ àwọn oníbàárà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá aránṣọ dìde, ó jẹ́rìí. Ó dúpẹ́ pé òun kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwa panápaná, ó ní Èṣù ló fa omi ọkọ̀ wa gbẹ. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Wọ́n ní kí n dìde kí wọ́n rí mi. Mo dìde nínú aṣọ funfun. Mo ka Bíbélì o, ṣùgbọ́n má bi mí ohun tí mo kà.

Oorun kò kùn mí mọ́ láti ìgbà náà. Ìyàwó mi ní mò ń rìn káàkiri yàrá bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Wọ́n ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwa tí a lẹ́sẹ̀ méjèèjì ló wá bá lójijì. Kì í ṣe ọ̀gá wa ni mò ń bẹ̀rù, mo ti jẹ́wọ́ fún un, mo sì ń retí ohun tó máa ṣe. Ọkàn mi ló ń dẹ́rù bà mí. Àdúrà òwúrọ̀ tí mo sún síwájú, irọ́ kékeré tí mo pa, ìbínú tí mo gbà láàyè kó bá mi sùn, garawa kan péré ni mo ń pe gbogbo wọn.

Lánàá, mo lọ bá ìyá náà. Ó ń ṣa bọ́tìnnì nínú eérú. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mi ò fi ti ẹnikẹ́ni bo tèmi mọ́lẹ̀. Mo rò pé ó máa bú mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ yín ọ̀hún, ṣé omi ti kún inú ẹ̀ báyìí?"

Láti Sátidé tí mo ti ń káàánú ara mi, mi ò lọ wo táǹkì. Eré ni mo sá débẹ̀. Mo fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìró òfìfo ló dá mi lóhùn.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Sọ fún Ìyá wa kí wọ́n má gbàgbé mi nínú àdúrà wọn. Ìwọ náà, jọ̀ọ́, fọwọ́ lu táǹkì ọkàn tìrẹ wò. Láti àná la ti ń pọn omi láti kànga, garawa kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò tíì kún bí mo ṣe ń kọ èyí, agogo sì lè dún nígbàkigbà. Wọ́n ti ń pè mí, èmi ló kàn láti pọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀,
Panápaná.