Pátákó Nọ́ńbà Orin Tí Mo Tú Kúrò ní Inísà

Bàbá mi,

Mi ò ní béèrè àlàáfíà yín. Ìbínú ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí ní Òkukù, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní físíìsì.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kó gbogbo wáyà mi dà sí ṣáláńgá? Ẹ ní, “Obìnrin tó ń tú rédíò, ọkọ wo ni yóò fẹ́ ẹ?” Ẹ wá fa áńkáṣíìfù funfun yọ, ẹ nu imú, bí ẹ ti máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá ti parí lójú tiyín. Kò parí lójú tèmi. Kí ló dé tí ẹ ò dúró kí n bá yín jà lójúkojú?

Ìjọ yín ní Inísà ló ní kí n ṣe pátákó tí yóò máa fi iná kọ nọ́ńbà orin. Ṣíìpù kékeré kan, tó dà bí ọpọlọ kọ̀ńpútà, ló ń darí rẹ̀. Ìkìrun ni mo ti rí kọ̀ńpútà tí mo fi kọ́ ṣíìpù náà ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Iná tẹ́ẹ́rẹ́ méje ló ń para pọ̀ di nọ́ńbà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú wáyà tirẹ̀ àti rẹsísítọ̀ tí kò ní jẹ́ kó jó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tàn án, ẹẹ́jọ ń jáde bí ẹẹ́fà. Òjé ò mú wáyà kan dáadáa. Mo tún un lẹ̀, ẹẹ́jọ yọ kedere, mo sì pariwo bí ọmọdé. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ pè wá wò ó. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a fẹ́ ṣí i, mo bá orúkọ yín lára ògiri lábẹ́ rẹ̀: ní ìrántí yín.

“Bàbá Díákónì, ta ló kọ èyí?”

“Bàbá rẹ ló tọ́ ọ. Ògo wọn ni.”

“Wáyà tí mo fi kọ́ṣẹ́, ṣáláńgá ni wọ́n dà á sí, sà.”

Màámi dì mí lápá mú. “Wọ́n ti kú. Fi wọ́n sílẹ̀.”

Mi ò fi yín sílẹ̀. Mo tú pátákó náà lójú gbogbo ìjọ, mo gbé e wá sí Òkukù. Orúkọ yín nìkan ló kù lára ògiri.

Kíláàsì mi ló wà báyìí. Àwọn ọmọbìnrin ń tú u, wọ́n ń tún un tò. Lánàá, ọ̀kan so wáyà tirẹ̀ tán, nọ́ńbà tàn, ó yára wo ojú mi bóyá màá bá a wí. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín tí inú rẹ̀ ò sì tíì rọ̀.